Ọmọ Kéwú Tí Ó Fẹ́ Lọ Ka Ìṣirò



 Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ilé Alájì kan ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí bọ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ parí Idaadiyyah lọ́dọ̀ wa, ó sì ṣe dáadáa nínú ìdánwò ilé-ìwé girama rẹ̀. JAMB ti fún un ní àyè láti lọ ka ìṣirò fún dìgírì, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí ó so mọ́ yunifásítì. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́. Ó ní, "Ustaz, kí ni ọmọ kéwú ń wá nídìí ìṣirò? Ṣé Lárúbáwá ti tán ni?" Ó tún ní ilé-ìwé náà kéré jù, pé àwọn tí wọ́n jọ máa wà ní kíláàsì kò pé ogún. Kí ó jókòó sílé, kí ó tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó lè wọ ilé-ìwé tí orúkọ rẹ̀ ròkè.

Mo sọ fún Alájì pé kí ọmọ náà lọ. Mo fẹ́ kọ ìdí rẹ̀ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro irú èrò yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tí ó yé àwa ààfáà jù, ìyẹn ogún pínpín. Obìnrin kan kú. Kò bímọ, kò ní bàbá, kò ní ìyá, bẹ́ẹ̀ ni bàbá bàbá rẹ̀ kò sí láyé. Ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ni ó fi sílẹ̀. Ìdajì ni ti ọkọ, ìdáméjì nínú mẹ́ta ni ti àwọn àbúrò. Ó wà nínú Sūratu An-Nisā’, āyah 12 àti 176. Ká ní wọ́n ti san gbèsè tán, tí ó ku 700,000 náírà. Ẹ fún ọkọ ní 350,000. Ẹ wá wá ìdáméjì nínú mẹ́ta fún àwọn àbúrò: ó lé ní 466,000. Owó kò ká a. Ohun tí wọ́n ṣe láti ìgbà Kálífà Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ni èyí tí à ń pè ní ‘awl: ìpín 6 ni à bá pín in sí, ọkọ ní 3, àwọn àbúrò ní 4, 3 àti 4 jẹ́ 7, nítorí náà a pín in sí ọ̀nà 7. Ọkọ gba 300,000, àbúrò kọ̀ọ̀kan gba 200,000. (Ibn Abbas ní èrò tirẹ̀ lórí èyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Nígbà tí èmi wà ní ilé-kéwú, a há a sórí pé 6 máa ń gòkè di 7, 8, 9 àti 10. Pé 12 máa ń di 13, 15 àti 17. Pé 24 kì í dì ju 27 lọ. Bí ẹni ń kọrin ni à ń kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ tèmi. Ọmọbìnrin yìí ló na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ kan: "Ustaz, kí ló dé tí 12 kì í di 14?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣíwájú ṣe kọ ọ́. Kò jiyàn, ó jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú ìwé wá. Ó ní ohun tí ó ń gbé 12 wá ni ìdámẹ́rin, ìpín ọkọ tàbí ti ìyàwó, tí ó bá pàdé ìdámẹ́ta tàbí ìdámẹ́fà. Ìdámẹ́rin 12 jẹ́ 3. Àwọn ìpín yòókù tí ó lè bá a wọlé ńkọ́? Ìdajì jẹ́ 6, ìdáméjì nínú mẹ́ta jẹ́ 8, ìdámẹ́ta jẹ́ 4, ìdámẹ́fà jẹ́ 2. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣe é pín sí méjì dọ́gba; 3 nìkan ni kò ṣe é pín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni 3 yìí sì lè wọlé, nítorí pé òkú kan kò lè fi ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀ pa pọ̀, bí ìyàwó bá sì ju ẹyọ kan lọ, inú ìdámẹ́rin kan náà ni wọ́n ti máa pín. Nítorí náà, ẹni yòówù kó jogún, àròpọ̀ wọn kò ní ṣe é pín sí méjì láéláé. 14 kò lè wọlé, 16 kò lè wọlé.

Mo ti ń kọ́ni ní ogún pínpín fún ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó di ọjọ́ náà. N kò rí i rí.

Alájì, ohun tí à ń pè ní ìṣirò ní yunifásítì nìyẹn. Kì í ṣe ríro owó ọjà. Bíbèèrè pé kí ló dé ni, àti fífi ẹ̀rí hàn títí iyàn yóò fi tán. Al-Khwarizmi tí ó kọ ìwé al-jabr ní Baghdad ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ti inú orúkọ ìwé rẹ̀ mú áljẹ́brà, apá ńlá nínú ìwé náà, lórí àsọtẹ́lẹ̀ òkú àti ogún ni. Ta ni yóò wá sọ pé ọ̀nà ọmọ kéwú kò gba ibẹ̀?

Ní ti pé ilé-ìwé kéré: Yunifásítì Ìbàdàn tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí ó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn sójà tẹ́lẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlẹ́. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó so mọ́, ìwé ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń fún wọn títí di 1962 tí ó fi dá dúró. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn wọ̀nyẹn pé kí wọ́n lọ jókòó sílé.

Ṣùgbọ́n èmi ti sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Ọmọkùnrin kan ni, bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, irú kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí gbà á, ó wá bi mí, mo ní kí ó fi sílẹ̀, kí ó dúró de ńlá. Ó tún JAMB ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò ká owó ilé-ìwé mọ́. Ó ń ṣe POS ní ibùdókọ̀ báyìí. Halal ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti kí mi pé "Ustaz, ẹ káàsán o," ojú máa ń tì mí.

N kò sọ pé dídùn ni gbogbo rẹ̀. Ilé-ìwé kékeré, ìwé kì í pọ̀ ní láíbúrẹ́rì, olùkọ́ kan lè gbé iṣẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́. Ọdún àkọ́kọ́ sì máa ń gbo ọmọ, àní ẹni tó gba A1 ní WAEC. Áljẹ́brà àti trigonometry nínú MTH 101, calculus nínú MTH 102. Kí ó tó mọ̀, wọ́n ti ní kó fi ẹ̀rí hàn pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé. Níbi tí ènìyàn ẹgbẹ̀rún bá jókòó, ọmọ lè sá pamọ́ sẹ́yìn títí ìdánwò yóò fi dé. Níbi tí wọn kò ti pé ogún, olùkọ́ yóò ní, "Ìwọ, bọ́ síwájú pátákó." Ẹkún ni lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ọmọ tó ń bèèrè nípa 14, ibẹ̀ ni mo rò pé ó bá a lára mu.

Ohun tí bàbá gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò yàtọ̀ sí bí ilé-ìwé ṣe tóbi tó. Ṣé NUC mọ̀ sí ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀? Orúkọ yunifásítì wo ni yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí? Ṣé àyè ọmọ náà hàn lórí CAPS ti JAMB, tàbí ẹnì kan ló kàn kọ lẹ́tà fún un? Àwọn tó ń ta dìgírì tí kò ní ìdí wà káàkiri, NUC fúnra rẹ̀ sì máa ń gbé orúkọ wọn jáde. Ẹni tí kò yẹ èyí wò, tí ó ń wo bí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ṣe ga tó, òun ni wọ́n máa lù ní jìbìtì.

Alájì kò tíì fún mi lésì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ti gbígba owó àyè náà pa. Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, èmi àti ọmọ náà yóò dé ilé wọn, yóò sì mú ìwé CAPS rẹ̀ dání.