Fíìmù Wo Ni Ẹ Ó Gbé Dání?

Ní ọdún 1942 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Roy Plomley dá ètò kan sílẹ̀ lórí rédíò BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a pe gbajúmọ̀ ènìyàn kan wá, wọn a ní kí ó ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ rì, tí ìgbì sì gbé e jù sí erékùṣù tí ẹ̀dá kankan kò gbé. Wọn a wá bi í pé àwo orin mẹ́jọ wo ni yóò fẹ́ mú dání. Eré yìí ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa. Wọ́n ti fi fíìmù rọ́pò orin, wọ́n sì ń fi í dá ara wọn lára yá.

Mo bá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jókòó ní ọjọ́ kan. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, ìwé kò sì ṣàì wọ orí wa. Ọ̀kan dárúkọ Casablanca, èkejì dárúkọ Citizen Kane, ẹ̀kẹta ní òun kò lè fi The Godfather sẹ́yìn. Nígbà tí ó kàn mí, mo ní Ọ̀run Móoru ni n ó gbé, èyí tí Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, náwó sí, tí Ọlá Balógun sì darí ní ọdún 1982. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ṣe bí àwàdà ni mo ń ṣe.

N kò ṣe àwàdà, inú sì bí mi. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n yan fíìmù òyìnbó. Iṣẹ́ tí ó dára ni wọ́n dárúkọ. Èmi náà ti wò wọ́n, n ó sì tún wò wọ́n. Ohun tí ó dùn mí ni pé kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó rántí tiwa débi pé yóò kọ̀ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀ kò hu irú ìwà yìí. Nínú ètò Plomley, kí àlejò tó la ẹnu, ìwé méjì ti wà ní erékùṣù náà dè é: Bíbélì, àti àpapọ̀ iṣẹ́ Shakespeare. Wọn kì í bi í bóyá ó fẹ́ Shakespeare. Ohun ìní baba wọn ti gúnlẹ̀ kí ọkọ̀ tó rì. Tiwa dà?

Wọn a ní iṣẹ́ tiwa kò dán, pé oògùn àti àjẹ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Ẹni tí ó bá wo Aiyé, tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, yóò rí ibi tí ọwọ́ onídán ti hàn. Ṣùgbọ́n ṣé dídán ni ènìyàn ń wá ní erékùṣù? Ẹni tí ó dá wà, ohun mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́: ẹ̀rín, èdè, àti ìrántí pé òun jẹ́ ọmọ ibì kan. Nínú Ọ̀run Móoru, ọkùnrin tí wọ́n ti lù ní jìbìtì fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọ̀run kò sì gbà á. Ẹ̀rín ni Baba Sàlá fi ròyìn rẹ̀ fún wa. Ta ni ó nílò irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí òkun yí ká lọ? Saworoidẹ ni n ó fi pa èdè mọ́. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, Túndé Kèlání ni ó darí rẹ̀ ní 1999. Bí mo bá ń gbọ́ ohùn Adébáyọ̀ Fálétí níbẹ̀ lójoojúmọ́, ahọ́n mi kò ní í kú. Ní ti ìrántí ilé, n ó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Kèlání kan náà ṣe ní 1993. Àwọn àgbà ta ilẹ̀ ìlú níbẹ̀, ikú sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀sùn mi gan-an wá nìyí. Ká ní àwọn ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ gbà pẹ̀lú mi, níbo ni n ó ti rí Ọ̀run Móoru gbé? Nígbà tí fíìmù náà jáde, àwọn olè dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ ẹni tí ó ṣe é lọ́rùn. Èyí tí mo rà lọ́jà, àdàkọ inú àdàkọ ni: ojú àwọn òṣèré ti di eérú, ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo wá dà bí ẹni tí olè kó lẹ́rù, tí ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olè pé ó ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Fíìmù kì í ṣe òkúta. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá ń bàjẹ́, a máa rùn bí ọtí kíkan, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣá. Yorùbá nìkan kọ́ ni ọ̀ràn yìí kàn. Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar ní èdè Haúsá ní 1976, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò gbúròó rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n rí i ní Jos ní 2016. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti tún un ṣe, Berlin ni wọ́n sì ti fi í hàn ní 2018. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Kò yẹ kí àlejò máa bá onílé wá ohun ìní rẹ̀, kí onílé máa sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ àwọn òṣèré, tí agolo fíìmù baba yín wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ gbé e jáde kí ó tó jẹrà. Ẹ̀yin yunifásítì tí ẹ ń fi fíìmù Yorùbá fún ènìyàn ní oyè, ẹ kọ́ yàrá kan ṣoṣo tí ó tutù, tí ó sì gbẹ, kí ẹ fi tọ́jú ohun tí ẹ ń kọ́ ènìyàn. Ẹ̀yin olówó tí ń fi mílíọ̀nù ṣe òkú, ẹ rántí pé òkú tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀ ni ó wà nínú agolo wọ̀nyẹn.

Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a kò bá pa mọ́ sílé, a kò ní í rí i gbé dé erékùṣù kankan.