Iná Gáàsì Tó Bá Pọ́n, Ara Rẹ̀ Ò Yá

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Iná abẹ́ ìkòkò náà ò ṣeé fojú di.

Ẹni tó bá ń se àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa tà n'Ígbó-Ọrà mọ bí iná ṣe ń jẹ owó. Nígbà tí kẹrosíìnì di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ sá di gáàsì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ra gáàsì pọ̀ ju àwọn tó ń wo ojú iná rẹ̀ lọ.

Ojú iná ló ń sọ̀rọ̀. Èyí tó dáa á rí bíi búlúù tí alágbàfọ̀ ń fi sómi aṣọ funfun, á sì dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó bá pọ́n bí epo, tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń kun ìdí ìkòkò dúdú, ara rẹ̀ ò yá. Afẹ́fẹ́ tó ń bá gáàsì pò kò tó, gáàsì ò jóná tán. Ẹ̀wà á pẹ́ kó tó jinná, owó á máa bá èéfín lọ.

Owó nìkan kọ́ o! Iná bẹ́ẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, carbon monoxide lòyìnbó ń pè é. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e. Bí fèrèsé bá wà ní títì, ó lè pa á. Ìlú ìbejì n'Ígbó-Ọrà. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé bá ń sùn nínú ìsọ̀ tí iná náà ń jó, ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ṣeréṣeré?

Kí ló ń fà á? Ọbẹ̀ tó hó dànù, epo àti eruku ló ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ibi tí iná ń gbà jáde. Nígbà mìíràn, aláǹtakùn á takùn sínú ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí olóúnjẹ ti ẹnu sìlíńdà pa, kó jẹ́ kí sítóòfù tutù. Kó yọ orí iná, kó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á. Kó rọra fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò náà. Kó má fi ìṣó ṣe é, torí ihò tó bá fẹ̀ jù ti bàjẹ́ nìyẹn. Igi ìtayín náà lè kán síbẹ̀. Kó gbẹ dáadáa kó tó dá a padà, kó sì jókòó sáyè rẹ̀. Bó bá ṣì ń pọ́n, ó di ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe.

Rọ́bà gáàsì ńkọ́? Ìfófòó ọṣẹ ni kí wọ́n fi pa á. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìṣáná wò ó o! Ilẹ̀ ni gáàsì tó jò ń rọ̀ sí, ó sì lè gbiná lójijì.

Bí orí bá ń fọ́ ará ìsọ̀ nídìí iná, kí wọ́n pa á, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n gbé àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n sì gba ọsibítù lọ. Ẹ má ṣe dúró de òórùn. Ojú ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ ọ.