Àtúnṣe Kọ́ ni Àtúnwọ̀n: Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Nọ́sù Epo

Títún ẹ́ńjìnnì ṣe ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bí bẹ́líìtì bá já, wọn a ní kí a tún ọkọ̀ ṣe. Bí epo tí ń wọ ẹ́ńjìnnì bá pọ̀ jù, wọn a tún ní kí a tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ru ẹrù méjì, èkejì sì wúwo jù ú lọ. Ibi tí èyí ti hàn jù lọ ni ìgbà tí a bá yọ nọ́sù epo tí ó bá ọkọ̀ wá, tí a sì fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.

Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ lára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀, pulọ́ọ̀gì dúdú bí ìdí ìkòkò, bẹntiróòlù sì ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà. Ọmọ iṣẹ́ tí a bá sọ fún pé kí ó tún un ṣe yóò máa wá ohun tí ó bàjẹ́, kò sì ní í rí i. Wíwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀. Àtúnwọ̀n ni ó yẹ kí á máa pè é.

Ẹni tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lè fẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹ́ńjìnnì àti fún ohun-èlò orin. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbé òǹkàwé lọ sọ́dọ̀ onílù tí ń fa ọṣán gángan, tí ó sì ń fi etí mọ̀ pé ó ti bọ́ sípò. Ní ayé kabúrétọ̀, kò burú: mẹkáníìkì a mú súkúrúdíráfà, a sì fetí sí ọkọ̀ Ìjàpá títí ohùn rẹ̀ yóò fi lọ geere. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1967, tí Volkswagen ti fi ẹ̀rọ ìfepo-sẹ́ńjìnnì Bosch tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ sínú ọkọ̀ 1600 rẹ̀, etí nìkan kò tó mọ́.

Ìṣirò ni yóò fi èyí hàn. Bí nọ́sù àtijọ́ bá lè tú mìlílítà 240 jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí tuntun sì lè tú 480, ẹni tí ó yára yóò ní kí á pín àkókò ìlanu rẹ̀ sí méjì, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́sù kì í la ẹnu ní kété tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń lọ́ra díẹ̀, ìlọ́ra náà sì ń pọ̀ sí i bí agbára bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀. Kí á gbà pé ìlọ́ra nọ́sù méjèèjì jẹ́ ìdá 1 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, àti pé nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ọkọ̀ ń fi iná sí nọ́sù àtijọ́ fún ìdá 3. Ìdá 2 péré ni epo fi ń jáde. Nọ́sù tuntun nílò ìdá 1 fún epo àti ìdá 1 fún ìlọ́ra, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Ẹni tí ó pín 3 sí méjì yóò rí 1.5, epo yóò jáde fún 0.5, ìdajì ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Ìlọ́ra nọ́sù, nígbà náà, yẹ ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé. (Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ìlanu ní ìyanu, bí nọ́sù tilẹ̀ ń ya ẹnu: kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú ẹ́ńjìnnì.)

“Ńlá” pàápàá ń tan ni jẹ. Nọ́sù méjì lè dọ́gba ní gígùn àti ní sísanra, kí ọ̀kan máa tú epo ìlọ́po méjì èkejì jáde. Ìwọ̀n ìtújáde ni ó yẹ kí á máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Bẹ́ẹ̀ ni epo púpọ̀ nìkan kì í sọ ọkọ̀ di alágbára: bẹntiróòlù ìwọ̀n 1 nílò afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 kí ó tó jó tán.

Ní ti nọ́sù fúnra rẹ̀, kò sí ìdí láti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mẹkáníìkì kí á sì fi “abẹ́rẹ́ epo” dípò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì ni kò tó. Wọ́n ń sẹ́ẹ̀tì tàpẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sẹ́ẹ̀tì iná iwájú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ṣe àtúnwọ̀n bá dín epo kù jù, tí ọkọ̀ náà sì ń fi ẹrù gun òkè, písítìnnì lè yọ́ kí ó sì lu.