Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Ẹni tó ń wá nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ò tẹ̀ ẹ́, tó fẹ́ bọ́hùn, ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí tù nínú: bí ibí ò bá ṣeé gbà, gba ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ọjà Mile 12 ní Èkó dáadáa lónìí yóò rí i pé òwe náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹni tó pàtẹ nìkan ló wọjà.

Tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ti Òkè Ọya dé. Aláàárù rù ú, alágbàtà tà á. Àwọn mìíràn wà láàárín wọn tí kò ní apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́jà: ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn, alájọ. Nírọ̀lẹ́, bí èrò bá ń bọ́ láti inú ọkọ̀ BRT, tó ti ń ná Mile 12 sí CMS láti ọdún 2008, ẹlẹ́fọ̀ọ́ á bèèrè pé: "Àǹtí, ṣé kí n bá yín rẹ́ ẹ?"

"Ẹ bá mi rẹ́ ẹ wínníwínní, ìyá. Ilẹ̀ ti ṣú."

Ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀fọ́, ọ̀tọ̀ lowó rírẹ́.

Owó rírẹ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀fọ́ rírẹ́, ata lílọ̀, ọmọ títọ́jú: iṣẹ́ ìyàwó ilé ni tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀, ìjọba kì í sì í kà á mọ́ ọrọ̀ ajé. Nígbà tí ìyàwó ilé di nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ báǹkì, iṣẹ́ náà ò parẹ́. Ẹlòmíràn gbà á ṣe, ó di owó. Yàtọ̀ síyẹn, bí àpò bá kún sí i, ikùn kì í tóbi sí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù lórí oúnjẹ, irun dídì, ilé ìwé àti ọkọ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Tírakítọ̀ sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ogún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n onídìrí kan ò lè di orí ogún lẹ́ẹ̀kan náà.

Claudia Goldin, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ́dún 2023, tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà fún nǹkan bí 200 ọdún. Láyé oko, àwọn abilékọ pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ dé, wọ́n fà sẹ́yìn. Ọ́fíìsì àti ilé ìwé ló tún pè wọ́n jáde. Tiwa yàtọ̀. Obìnrin Yorùbá ò fìgbà kan kúrò lọ́jà, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wa ò sì tíì gbilẹ̀ tí òwò, ọkọ̀, báǹkì àti tẹlifóònù fi gba iwájú. Nígbà tí Nàìjíríà tún ọrọ̀ ajé rẹ̀ ṣírò lọ́dún 2014, irú iṣẹ́ wọ̀nyí ti kó ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Òwe sọ pé ọ̀nà pọ̀. Kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dán. Ọ̀pọ̀ ló ń rẹ́fọ̀ọ́ nítorí pé kò ríṣẹ́ mìíràn. Kò ní owó ìfẹ̀yìntì, òjò ń pa á, òun náà sì ń sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ. Bí wọ́n bá ń pín ìsọ̀, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọlọ́jà ní Ikosi àti Ketu, ládùúgbò Mile 12, kí wọ́n ka ẹni tó ń rẹ́fọ̀ọ́ náà mọ́ wọn. Òun náà wọjà.