Kẹ́ ẹ tó na ẹṣin, ẹ yẹ àyà ara yín wò

Etí òkun kan l'Ékòó ni mo ti kọ́kọ́ gun ẹṣin. Ọmọkùnrin tó ń fi ẹṣin náà pawó sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹṣin yìí ò mọ nǹkan kan." Irọ́ ni. Ẹṣin yẹn mọ gbogbo nǹkan.

Mo gbá gàárì mú bí ẹni tó wà lórí ọkàdà tí kò ní búréèkì. Mo fi itan há a mọ́ra, mi ò mí dáadáa. Bí mo ṣe ń fa ìjánu lẹ́nu ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi gìgísẹ̀ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìmọ̀. Ẹ wò ó, ọwọ́ mi ní kó dúró, ẹsẹ̀ mi ní kó máa lọ. Ó ká etí sẹ́yìn, ó gbé orí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọkùnrin yẹn fa ẹgba yọ, ó ní olóríkunkun ni, ó nà án. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn, àwọn èèyàn ti ń fi fóònù ya fídíò mi. Wọ́n tún na ẹṣin náà lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé mo ṣubú.

Ìnà ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹran tí kìnnìún ń pa jẹ ni ẹṣin. Sísá ló fi ń gba ara ẹ̀ là. Ojú ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká ẹ̀ tán, àfi ọ̀gangan iwájú imú àti ẹ̀yìn ìdí ẹ̀. Tí eṣinṣin bá bà lé e lára, ó máa mọ̀. Orí ẹ̀yìn tí à ń jókòó sí yẹn sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ẹranko búburú máa ń fò mọ́. Pé ó tiẹ̀ gbà wá láyè rárá, èmi ò mọ ohun tá a ṣe fún un. Wàyí o, ẹ wá gun ibẹ̀, kí gbogbo ara yín le gbagidi, kí àyà yín máa lù kìkìkì, kẹ́ ẹ wá ní kó fọkàn balẹ̀. Báwo?

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Sweden dán èyí wò, wọ́n sì gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Wọ́n ní káwọn èèyàn máa fa ẹṣin, káwọn míì sì máa gùn ún, kọjá níbì kan náà lẹ́ẹ̀mélòó kan. Kó tó di ìgbà tó kẹ́yìn, wọ́n sọ fún wọn pé àwọn máa ṣí agboòrùn lójijì níwájú ẹṣin. Wọn ò ṣí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àyà àwọn èèyàn náà ń yára lù, àyà ẹṣin náà sì ń yára lù. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ agboòrùn fún ẹṣin?

Ó ti pẹ́ tí ẹṣin ti ń ka èèyàn bí ìwé. Ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Wilhelm von Osten ní ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Hans. Wọ́n á bi Hans ní ìṣirò, á sì fi pátákò ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ títí tó máa fi pé iye ìdáhùn. Lọ́dún 1907, Oskar Pfungst já ọ̀rọ̀ náà fáyé: tí ẹni tó béèrè ò bá mọ ìdáhùn, Hans náà ò ní mọ̀ ọ́n. Ó ń wo bí orí ẹni náà ṣe ń mì díẹ̀ báyìí nígbà tí iye bá pé ni, ìmì tí ẹni náà fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé òun ń mì. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Lójú tèmi, èyí ju ìṣirò lọ fíìfíì.

Àwọn àgbà máa ń ní kò sí bí èèyàn ṣe máa gun ẹṣin tí kò ní ju ìpàkọ́. Òótọ́ ni, ẹṣin ló ń mi ẹni tó gùn ún. Ṣùgbọ́n ìlàjì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó gùn ún náà ń mi ẹṣin.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni Ojúde Ọba. Látìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba ìkànnì ayélujára kan lọ́dún 2024, gbogbo wa la fẹ́ gun ẹṣin n'Íjẹ̀bú-Òde. Kò burú, ayẹyẹ náà dùn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ìlù ń dún níbẹ̀, ìbọn ń ró, èrò pọ̀ bí omi. Àwọn ọmọ ìdílé Balógun tó ń gun ẹṣin lọ́dọọdún mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwọ tó o fẹ́ yá ẹṣin láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ríra nìyẹn, kí lo fẹ́ kó ṣe tí ẹ̀rù bá bà ẹ́?

Ẹlòmíì á ní ẹgba nìkan lẹṣin gbọ́. Òótọ́ ni pé ẹgba máa jẹ́ kó lọ. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí èèyàn bá wà, ìrora wà níbẹ̀. Xenophon, jagunjagun ará Gíríìsì, ti kọ ọ́ ní ohun tó lé ní ẹgbàá (2,000) ọdún sẹ́yìn pé kéèyàn má fi ìbínú súnmọ́ ẹṣin. Ojú ogun lọkùnrin yẹn ti ń bọ̀ o, kì í ṣe ẹlẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹṣin ni pé wàá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tó bá ti ṣe ohun tó o fẹ́, wàá jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Jíjáwọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń bínú kì í mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́.

Bàbá kan tó ti ń tọ́jú ẹṣin láti kékeré ló kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo padà lọ kọ́ ọ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò jẹ́ kí n gùn ún. Mo kàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá lánlọ́ọ̀dù mi jà lórí fóònù tán ni mo wọlé tọ ẹṣin náà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ o. Ó kàn yí ìdí sí mi, ó lọ. Bàbá ní, "Ọmọ mi, lọ jókòó sábẹ́ igi yẹn ná." Mo rò pé ó ń fìyà jẹ mí ni. Nígbà tí mo padà dé, ẹṣin náà rẹ orí sílẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn tútù jáde nímú, ó dúró.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun ẹṣin lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ lọ bá a ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Tí wọ́n bá ń nà án nítorí yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀.

Mo padà lọ sí etí òkun yẹn lọ́dún tó kọjá. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀, ẹṣin míì ló ń fà. Mo béèrè ti tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn ti tà á, ó ti máa ń ju èèyàn jù.