Ṣé Akẹ́kọ̀ọ́ Ni Ó Ń Dí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lọ́wọ́ Iṣẹ́ Ìwádìí?

Níbi ìpàdé àwa olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì tí a pè láti bá wa sọ̀rọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní òun ìbá ti kọ ìwé mẹ́ta sí i bí kì í bá ṣe ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní bí òun bá máàkì ìdánwò tán, àpilẹ̀kọ àṣekágbá àwọn ọmọ ọdún kẹrin ni yóò tún dé, bí òun bá sì ka ìyẹn tán, ọdún ti parí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé mo rò pé irọ́ ni ó pa o. Ọ̀rọ̀ náà ni ó wọ̀ mí lára, tí kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba tiwọn rò. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní ilẹ̀ wa kì í ṣe iṣẹ́ ìrọ̀rùn. Ìyanṣẹ́lódì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 2022 kò dáwọ́ dúró àfi ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni, ìjọba sì fi owó oṣù dù wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ni ni wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sáré kọ́. Ẹni tí ó bá ní ìmẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe wọ́n kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Síbẹ̀, nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn wo àwọn iṣẹ́ tí a fi ń yangàn lónìí, mo rí i pé àárín èrò ni púpọ̀ nínú wọn ti wáyé, kì í ṣe inú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, àwọn ará ìlú sì wà lára àwọn òṣèré rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí tí ó ń jẹ́ The Gods Are Not to Blame, kí ó tó di ìwé ní ọdún 1971. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1977, Wọlé Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi sórí ìtàgé ní Ifẹ̀ kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Òǹkọ̀wé tí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu òṣèré kí ó tó fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ti mọ ibi tí gbólóhùn rẹ̀ ti wúwo jù àti ibi tí àwọn ènìyàn kò ti rẹ́rìn-ín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ nígbà náà kò fi òwe yìí ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ èdè-ìperí. Nígbà tí àwọn yunifásítì wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò tó lò. Kí ni a ó pe ẹ̀yà gbólóhùn báyìí? Kí ni a ó pe ìró báyìí? Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, àwa olùkọ́ girama sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè dá jókòó sí ilé kí ó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tuntun bá ẹnu mu tàbí kò bá a mu. Iwájú akẹ́kọ̀ọ́ ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí olówó rẹ̀ yára wá òmíràn.

Kódà òyìnbó kan wà nínú ìtàn yìí. Karin Barber kọ́ni ní Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, èdè Yorùbá ni ó sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní lítíréṣọ̀ wọn. Ó tún ń bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré kiri. Síbẹ̀ ìwé ńlá tí ó kọ lórí oríkì ní Òkukù jáde ní ọdún 1991. Ní ti olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2018, ìgbésí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gan-an ni ó fi ṣe ìwé Ó Le Kú ní ọdún 1974. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ka ìwé yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ìjà ni ó máa ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin àti àwọn obìnrin lórí Àjàní àti àwọn ọmọge rẹ̀. Ẹnì kan yóò sì bi mí pé, “Tísà, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní yunifásítì nìyẹn?” N kì í dáhùn.

Èmi náà rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní àwọn ọdún 1990, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa kó àwa márùn-ún lọ sí abúlé kan láti gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀. Rédíò agbohùnsílẹ̀ kan ni ó wà lọ́wọ́ wa, bátìrì rẹ̀ kò sì lágbára. Nígbà tí a dé ilé tí a bẹ̀rẹ̀ sí í da ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà kọ, gbogbo wa, àti òun náà, kọ “ọkọ” sí ibì kan. Gbólóhùn náà kò dún dáadáa létí rẹ̀. Ó ní a ó padà lọ. A padà lọ, ìyá àgbà tí ó sun ẹkún náà sì fi wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọkọ́ tí baba òun fi ń roko ni òun ń sọ, kì í ṣe ọkọ tí òun ń lọ fẹ́. Olùkọ́ wa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú wa, ó dúpẹ́, ó mú bírò, ó fi àmì ohùn kan ṣoṣo náà sí i. Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní yunifásítì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwádìí. Nígbà tí ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde, ó dárúkọ àwa márààrún, ó dárúkọ ìyá náà.

N kò ní purọ́ pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan fi odindi ìsinmi kó òwe àti ìtàn wọn jọ ní ìlú ìyá rẹ̀ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó rí òwe rẹ̀ nínú jọ́nà kan lábẹ́ orúkọ olùkọ́ rẹ̀, àní pẹ̀lú àṣìṣe kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbì kankan. Olè ni mo ń pe ìyẹn, bí ó ti wù kí a fi èdè òyìnbó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tó. Ìbẹ̀rù ìgbéga wà lára ohun tí ó ń fà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣe ń sọ fún wa: iye àpilẹ̀kọ inú jọ́nà ni a ń kà, eré onítàn tàbí ìwé tí ọmọ girama lè kà kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ju gbogbo wa lọ fi ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé fún ènìyàn díẹ̀ ní òkè òkun, nígbà tí àwa níhìn-ín kò rí ìwé tuntun fi kọ́ ọmọ.

Ó kan àwa ní girama nítorí pé odò yunifásítì ni omi tí a ń mu ti ń ṣàn wá. Ẹ rántí Iṣẹ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ìwé tí wọn yóò sì lò fún un, wọ́n ní láti kọ ọ́ ni. Ìwádìí ni, iṣẹ́ ìkọ́ni sì ni. Ta ni yóò sọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀?

Lójú tèmi, àpilẹ̀kọ àṣekágbá tí ọ̀jọ̀gbọ́n wa ń ráhùn lé lórí gan-an ni oko rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́fà bá gba oríkì ìlú mẹ́fà, tí ó sì lo ọdún mẹ́ta sí i pẹ̀lú àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn, ìwé ti ń jáde níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo wọn lẹ́yìn rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, kálukú ń mú àkọlé tirẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, ikán sì ń ka ìyókù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì láti kọ́ Yorùbá. Ìyá rẹ̀ àgbà mọ rárà í sun, ọmọ náà sì ti ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí ó wà ní kíláàsì mi. Kí ó tó lọ, ó bi mí léèrè ta ni kí òun fún ní ibẹ̀. Mo ní kí ó ṣì fi í pamọ́ ná, kí ó kọ́kọ́ wo ojú àwọn olùkọ́ rẹ̀ dáadáa.