Ojú Kì í Ṣe Kámẹ́rà

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ iyàrá ẹ̀kọ́ pé, nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ ṣàlàyé ojú fún àwọn ọmọ, kámẹ́rà ni yóò kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Yóò ní ojú ní ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó ní awò tí ń kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ, àti pé orí rẹ́tínà, èyíinì ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú, ni àwòrán ń bọ́ sí. Títí dé ibẹ̀, òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún fi kún un pé rẹ́tínà a máa fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọpọlọ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, ó ti ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ọmọ tí ó bá gbọ́n yóò béèrè pé, ta ni ó wà nínú agbárí tí yóò tún máa wo àwòrán náà? Olùkọ́ kò ní rí ìdáhùn fún un, nítorí pé àwòrán kọ́ ni ojú ń fi ránṣẹ́.

Ojú ológbò ni ó fi èyí hàn kedere. Ní 1953, Stephen Kuffler, oníṣègùn kan tí a bí ní ilẹ̀ Hungary, tẹ àbájáde iṣẹ́ tí ó ṣe ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jáde. Ó fún ológbò ní oògùn oorun, ó sì ti wáyà kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ju ti abẹ́rẹ́ lọ bọ inú ojú rẹ̀, títí ó fi súnmọ́ ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń wá ni àwọn tí okùn wọn para pọ̀ di iṣan tí ó ti ojú lọ sí ọpọlọ. Àwọn ni ìránṣẹ́ ojú. Mànàmáná kéékèèké ni èdè wọn. Bí a bá so ẹ̀rọ agbóhùnjáde mọ́ wáyà náà, a óò máa gbọ́ ọ bí àgbàdo tí ń ta lórí iná.

Ènìyàn ìbá rò pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni ìró náà yóò ti pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í tilẹ̀ dákẹ́ nínú òkùnkùn. Wọ́n a máa ta díẹ̀díẹ̀. Kuffler tan ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan sí ojú kan lórí rẹ́tínà, sẹ́ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kíkankíkan. Ó sún ìmọ́lẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kan náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà tí ó pa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí ni ariwo tún bẹ́ sílẹ̀. Ó hàn pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní agbègbè roboto tirẹ̀ tí ó ń ṣọ́. Agbègbè náà ní àárín, ó sì ní etí tí ó yí àárín ká bí ọgbà ti í yí ilé ká, ohun tí àárín bá sì fẹ́ ni etí ń kọ̀. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn jẹ́ òdìkejì: ìgbà tí òkùnkùn bá ṣú sí àárín ni wọ́n ń pariwo. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo agbègbè náà lẹ́ẹ̀kan náà, àárín àti etí ń dí ara wọn lọ́wọ́, ohùn sẹ́ẹ̀lì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ròkè.

Ìyàtọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń ròyìn, kì í ṣe iye ìmọ́lẹ̀. Ó dàbí oníbodè tí kì í ka àwọn ará ìlú tí ń wọlé tí ń jáde, tí ó jẹ́ pé àlejò nìkan ni ó ń ránṣẹ́ rẹ̀ sí ààfin.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó mú ìwé kan, kí ó kà á lábẹ́ fìtílà ní òru, kí ó sì tún kà á ní ìta gbangba ní ọ̀sán gangan. Ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ara lẹ́tà dúdú bọ́ sí ojú ní ọ̀sán pọ̀ fíìfíì ju èyí tí ń ti ara pépà funfun wá ní òru lọ. Síbẹ̀ lẹ́tà dúdú ni, pépà sì funfun, lọ́sàn-án àti lóru. Bí ó bá jẹ́ pé iye ìmọ́lẹ̀ lásán ni ojú ń wọ̀n, lẹ́tà ọ̀sán ì bá funfun ju pépà òru lọ. Ìràwọ̀ pàápàá kì í sá lọ ní ojúmọmọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín rẹ̀ àti ojú ọ̀run tí ó yí i ká ni ó kéré jù fún ojú láti rí.

Àwọn olùkọ́ kan yóò ní kámẹ́rà rọrùn fún ọmọdé. Ó rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti mọ ìṣirò àyọkúrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yìí ń ṣe: ó ń yọ etí kúrò nínú àárín, ó sì ń ròyìn èyí tí ó ṣẹ́kù. Kí ni ó le níbẹ̀? Àwọn mìíràn a sì máa kọminú nítorí ẹranko tí a fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Ṣùgbọ́n kí a ti fi ẹranko wá ìmọ̀, kí a sì tún wá fi ìmọ̀ náà pamọ́ fún ọmọ ilé ìwé, òfò méjì ni.

A kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì tuntun jù. Kuffler ti kú láti 1980. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní Baltimore ní 1958, pín nínú ẹ̀bùn Nobel, nítorí pé wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà tí ó là láti inú ojú ológbò títí wọ inú ọpọlọ rẹ̀.